Koríko Oníka Méjì: Ẹlẹ́rìí Iyọ̀ Létí Ọ̀sà

1. Ilẹ̀ tí ó dára lójú

Ilẹ̀ kan wà létí ọ̀sà tí ó máa ń tan àgbẹ̀ jẹ. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí òkúta níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kùkùté igi ńlá. Koríko bo gbogbo rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi máa ń dúró síbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò sọ pé, "Háà! Ilẹ̀ ìrẹsì rèé o!"

Ká ní ẹni náà lọ yá owó. Ó ra irúgbìn, ó pe alágbàṣe, wọ́n ṣán ilẹ̀, wọ́n gbin ìrẹsì. Nígbà òjò, ìrẹsì náà hù dáadáa. Inú olóko dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dá, ṣóńṣó ewé ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó ń gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Ibì kan kú, ibì kan kù. Èyí tí ó kù yọ orí, ṣùgbọ́n háhá lásán ni, ọmọ kò sí nínú rẹ̀. Owó lọ, agbára lọ, gbèsè ló kù.

Ṣé ayé ló ṣe é ni? Rárá o. Iyọ̀ ló wà nínú ilẹ̀. Koríko tí wọ́n ṣán dànù yẹn sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbé àdá. Wọn kò mọ̀ ọ́n kà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ jẹ́ kí a jọ kọ́ bí a ti ń ka koríko yìí.

2. Bí iyọ̀ ṣe ń dé inú ilẹ̀

Gbogbo wa mọ̀ pé omi òkun ní iyọ̀. Bí a bá bu lítà 1 omi òkun, iyọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Ní Èkó, ọ̀sà ní ẹnu tí ó fi bá òkun pàdé. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun máa ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń fà. Bí ó bá ti ń kún, omi iyọ̀ ń gba ẹnu yìí wọ inú ọ̀sà. Ó ń wọ àwọn odò kéékèèké, ó sì ń gun orí ilẹ̀ àbàtà tí ó wà létí wọn.

Nígbà òjò, omi odò máa ń pọ̀. Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń da omi tí kò ní iyọ̀ sínú ọ̀sà, wọ́n ń ti omi iyọ̀ padà sí òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò dínkù. Kò sí ẹni tí yóò ti òkun padà mọ́, iyọ̀ a sì rìn jìnnà wọ inú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí omi ibì kan náà fi lè níyọ̀ ní oṣù kejì ọdún, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi odò lásán ní oṣù kẹsàn-án. Bákan náà ló rí ní ọ̀sà Nokoué, lẹ́bàá Kútọnu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ẹ bá lọ wo ilẹ̀ nígbà òjò, tí ẹ sì tọ́ omi ibẹ̀ wò, kò ní dùn bí iyọ̀ lẹ́nu. Ẹ ó rò pé kò séwu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, oòrùn yóò fa omi lọ, iyọ̀ yóò ṣẹ́kù sínú ilẹ̀. Omi ń yí padà láti oṣù dé oṣù. Koríko kì í ṣí lọ. Ibi tí ó ta gbòǹgbò sí, níbẹ̀ ni yóò wà, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Nítorí náà, koríko lè sọ fún yín ní oṣù kẹsàn-án ohun tí omi yóò fi pamọ́ fún yín.

Kí ni iyọ̀ ń ṣe fún ohun ọ̀gbìn? Ẹ wo ẹja tí a fi iyọ̀ pa. Iyọ̀ ń fa omi ara rẹ̀ jáde títí yóò fi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iyọ̀ inú ilẹ̀ ń ṣe. Omi wà lẹ́bàá gbòǹgbò, ṣùgbọ́n iyọ̀ dì í mú, gbòǹgbò kò rí i mu tó. Àgbàdo, ẹ̀wà àti ìrẹsì kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìrẹsì lè gba omi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba iyọ̀ púpọ̀. Ìgbà tí ó wà lọ́mọdé àti ìgbà tí ó ń yọ òdòdó ni iyọ̀ ń pa á lára jù.

3. Koríko tí kò bẹ̀rù iyọ̀

Koríko kan wà tí iyọ̀ kò lè lé kúrò létí ọ̀sà. Olúkúlùkù ìlú ni ó ní bí ó ti ń pè é. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é káàkiri ayé ni Paspalum vaginatum. Olof Swartz, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó fún un ní orúkọ yìí nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1788. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà túmọ̀ sí "alákọ̀", nítorí pé ìdí ewé rẹ̀ ń wé mọ́ ọ̀pá bí akọ̀ ti ń wé mọ́ idà. Nínú ìwé kékeré yìí, koríko oníka méjì ni a ó máa pè é. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

A ń rí i létí òkun àti létí ọ̀sà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ooru wà ní ayé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó wà létí ọ̀sà Èkó àti ní àwọn àbàtà etí òkun, níbi tí omi òkun ń dé.

Báwo ló ṣe ń bá iyọ̀ gbé? Gbòǹgbò rẹ̀ kì í jẹ́ kí iyọ̀ púpọ̀ wọlé. Èyí tí ó bá sì wọlé, ó ní ibi tí ó ń kó o sí. Àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí wà lójú ewé rẹ̀. Inú wọn ni ó ń kó iyọ̀ pamọ́ sí, kí ó má bàa ba ìyókù ara rẹ̀ jẹ́.

4. Àmì márùn-ún tí a fi ń mọ̀ ọ́n

Ẹ má ṣe dúró lókèèrè kí ẹ sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fà á tu, ẹ mú un lọ́wọ́. Ẹ wá wo àmì wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmì kìíní: ibi tí ó wà. Ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn tútù tí omi ọ̀sà ń bò, tí ó sì ń fi sílẹ̀, ni ó fẹ́ràn jù. Ó máa ń tẹ́ bí ẹní. Òun nìkan lè bo ilẹ̀ tí ó fẹ̀ gan-an láìsí koríko mìíràn láàrin rẹ̀.

Àmì kejì: ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ń rá lórí ilẹ̀, òmíràn sì ń rá lábẹ́ ilẹ̀. Ó ní oríkèé. Níbi tí oríkèé bá ti kan ilẹ̀, yóò ta gbòǹgbò, yóò sì rú ewé. Bí ẹ bá fa ẹyọ kan, ẹ ó rí i pé ó ń fa èkejì àti ẹ̀kẹta tẹ̀ lé ara rẹ̀. Èyí tí ó nàró láti so òdòdó máa ń ga láti íǹṣì 6 títí dé ẹsẹ̀ bàtà 2.

Àmì kẹta: ewé rẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ tó ìka ọwọ́ ọmọdé, ṣóńṣó rẹ̀ sì mú. Ó tò sí ọ̀nà méjì lára ọ̀pá: ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, bẹ́ẹ̀ títí dókè. Bí oòrùn bá mú, ewé náà a ká wọ inú ara rẹ̀.

Àmì kẹrin: ìka méjì. Èyí ni àmì tí ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí ó bá so òdòdó, ẹ wo orí ọ̀pá. Ẹ ó rí ìka méjì tí ó jáde láti ojú kan náà, tàbí tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojú kan. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Bí wọ́n bá dàgbà, wọn a ya, wọn a sì dà bí lẹ́tà V tí ẹ kọ́ nínú ìwé ABD àwọn òyìnbó. Ìka kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gùn tó íǹṣì 1 sí 2 àbọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ lè rí èyí tí ó ní ìka mẹ́ta, ṣùgbọ́n méjì ni ó wọ́pọ̀.

Àmì karùn-ún: ọmọ rẹ̀. Ẹ yí ìka náà sókè sódò. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọmọ wà, ó tò sí ìlà méjì. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Ọmọ náà pẹlẹbẹ, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, ara rẹ̀ sì ń dán. Kò ní irun.

Bí ẹ kò bá rí òdòdó, ẹ má ṣe dájọ́. Ẹ wá a káàkiri títí ẹ ó fi rí èyí tí ó yọ ìka, tàbí kí ẹ padà wá nígbà mìíràn.

5. Àwọn tí ó jọ ọ́

Ìrísí lè tan ènìyàn jẹ. Àwọn koríko mìíràn wà tí ẹ lè ṣì mú.

Èkíní ni àbúrò rẹ̀ kan tí ń gbé lókè ilẹ̀, Paspalum conjugatum. Òun náà ní ìka méjì. Òun ni ó ń ṣini lọ́nà jù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìka tirẹ̀ tín-ín-rín, ó gùn, ó sì ya gbàgà débi pé ó máa ń fẹ́ dà bí lẹ́tà T. Ọmọ rẹ̀ kéré, ó rí roboto, irun wẹ́wẹ́ sì yí i ká bí ìpéǹpéjú. Abẹ́ òjìji ni a ti ń rí i, nínú oko kòkó, nínú oko obì àti lẹ́bàá ọ̀nà. Òun kò fẹ́ iyọ̀. Bí ẹ bá rí i, kò sọ nǹkan kan nípa iyọ̀.

Èkejì ni kóóko ìgbá. Òun náà ń rá, ó sì ń ta gbòǹgbò ní oríkèé. Ṣùgbọ́n ìka tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, tí wọ́n nà bí ọwọ́ tí a là.

Ẹ̀kẹta ni gbági, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹsẹ̀ kannakánná. Òun kì í rá bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣùpọ̀ sójú kan, ìdí rẹ̀ funfun, ó sì pẹlẹbẹ. Ìka rẹ̀ sábà máa ń ju méjì lọ.

Ẹ̀kẹrin ni Sporobolus virginicus. Òun pàápàá fẹ́ iyọ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn etí òkun ni ó fẹ́ràn. Orí rẹ̀ kò ya. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ó ṣù pọ̀ bí ìrù eku.

Ẹ̀karùn-ún ni làbẹ́làbẹ́ àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí ń gbé inú omi. Ẹ di ọ̀pá wọn mú láàrin ìka méjì, kí ẹ yí i. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ní igun mẹ́ta, wọn kò sì ní oríkèé bíi ti koríko.

Bí ẹ bá fẹ́ rántí èyí tí a ń wá, ẹ máa wí báyìí pé: "Ìka méjì bíi V, ọmọ tí kò nírun, ẹrẹ̀ ọ̀sà ni ilé rẹ̀."

6. Ẹlẹ́rìí kan kò tó

Ní kóòtù, adájọ́ kì í sábà fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Koríko oníka méjì lè gbé nínú iyọ̀, ṣùgbọ́n ó tún lè gbé níbi tí iyọ̀ kò sí, bí omi bá wà. Àwọn ènìyàn pàápàá ń gbìn ín sí iwájú ilé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i, ìkìlọ̀ ni ó jẹ́ fún yín. Ẹ wá ẹlẹ́rìí mìíràn kún un.

Ẹ wo igi tí ó wà nítòsí. Bí ẹ bá rí ẹ̀gbà, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ nà jáde sínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, omi iyọ̀ ń dé ibẹ̀. Igi mìíràn tún wà nínú àbàtà náà tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè nínú ẹrẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gún pẹ́ńsù sílẹ̀ káàkiri. Bí ẹ bá fi ahọ́n kan ewé rẹ̀, ẹ ó tọ́ iyọ̀ wò, nítorí pé ara ewé ni ó ń da iyọ̀ sí.

Ẹ wo ẹrẹ̀ náà. Ṣé akàn kéékèèké wà níbẹ̀, tí akọ rẹ̀ ní ẹ̀mú kan tí ó tóbi gan-an, tí èkejì sì kéré? Akàn yìí ń gbé níbi tí omi òkun ti ń kún, tí ó sì ti ń fà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìdánwò yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó apá kan. Ẹ dúró kí omi sun sínú rẹ̀, kí ó sì tòrò. Ẹ bu díẹ̀ sínú àwo funfun. Ẹ bu omi òjò bákan náà sínú àwo funfun mìíràn. Ẹ gbé méjèèjì sójú oòrùn títí omi yóò fi gbẹ. Bí ohun funfun tí ó dùn bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ àwo kìíní, tí kò sì sí lára ti omi òjò, ẹ ti rí ìdáhùn.

7. Kí ni kí a fi ilẹ̀ náà ṣe?

Ilẹ̀ oníyọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ègún. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ń jẹ koríko oníka méjì. Ó tún ń di ilẹ̀ mú, kí ìgbì omi má bàa gbá a lọ. Ẹni tí ó bá ṣán gbogbo rẹ̀ kúrò létí omi ń ṣí ilẹ̀kùn fún omi láti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ ni. Àwọn òyìnbó pàápàá mọ iyì rẹ̀. Ní ọdún 2022, nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ní Qatar, irú koríko yìí kan tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà ni wọ́n tẹ́ sórí pápá.

Bí iyanrìn tí ó ga díẹ̀ bá wà nítòsí, àgbọn lè ṣe dáadáa níbẹ̀. Àgbọn kò bẹ̀rù iyọ̀ tó àgbàdo.

Bí ó bá jẹ́ pé ìrẹsì ni ẹ fẹ́ gbìn dandan, ẹ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn. Ní ilẹ̀ Guinea-Bissau, àwọn Balanta máa ń mọ òkìtì ẹrẹ̀ yí oko ká, kí omi òkun má bàa wọlé. Wọn a jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọn a tó lọ́ ìrẹsì sí i, kí ó lè gbó kí iyọ̀ tó padà. Ní Rokupr, ní ilẹ̀ Sàró, a dá ibùdó ìwádìí ìrẹsì kan sílẹ̀ ní ọdún 1934, iṣẹ́ lórí ìrẹsì inú àbàtà oníyọ̀ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Iṣẹ́ àwùjọ ni, ó sì gba sùúrù. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan.

Ẹ má ṣe sáré la yàrá omi láti fa àbàtà ẹ̀gbà gbẹ. Ẹrẹ̀ ibẹ̀, tí ó máa ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, ní nǹkan kan nínú tí ó máa ń kan gógó bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè kan débi pé ohun ọ̀gbìn kò ní hù níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ohun kan ṣì kù. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí koríko oníka méjì ti bo ilẹ̀ lónìí, igbó ẹ̀gbà ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀gbà fún igi ìdáná àti fún ilé kíkọ́, koríko sì gba ipò rẹ̀. Bí ó bá ti ki tán, ọmọ ẹ̀gbà kì í rí àyè ta gbòǹgbò mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdí ẹ̀gbà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja àti edé ń sá sí kí wọ́n tó dàgbà. Bí apẹja bá rí koríko yìí tí ó ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún níbi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀gbà, kí ó mọ̀ pé àwọ̀n òun náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

8. Kí ẹ tó sanwó

Bí wọ́n bá fẹ́ tà tàbí fi ilẹ̀ etí ọ̀sà yá yín, ẹ má ṣe wo bí ó ti tutù nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo koríko rẹ̀. Ẹ ka ìka rẹ̀. Ẹ wo ọmọ rẹ̀. Ẹ wo igi àti akàn tí ó wà nítòsí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ bí omi ti ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá rí ìka méjì, ẹ dá owó dúró títí ẹ ó fi gbé àwo funfun sójú oòrùn. Àwo kan kò wọ́n. Odidi oko ìrẹsì tí ó kú wọ́n púpọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí omi ọ̀sà fi níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ìgbà òjò lọ?
2. Ìka mélòó ni koríko yìí sábà máa ń ní? Lẹ́tà wo ni wọ́n jọ?
3. Báwo ni ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Paspalum conjugatum, àbúrò rẹ̀ tí ń gbé lókè ilẹ̀?
4. Kí ló dé tí koríko yìí nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́ ilẹ̀?
5. Ẹ lọ sí etí omi tí ó wà nítòsí yín. Ẹ já koríko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá sí kíláàsì. Ẹ jọ wo ọ̀pá, ewé àti orí wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀.